Lewis Latimer: Ayàwòrán Tó Jẹ́rìí fún Gílóòbù

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi, ẹ jẹ́ kí n rán wa létí àlọ́ àpamọ̀ tí a máa ń pa nígbà èwe. Bí a bá pa àlọ́ fún ọmọdé, yóò ronú, yóò họ orí, yóò wo òkè, yóò wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti já a fún un tán, ẹ̀rín ni yóò rín. Yóò ní kò le rárá, yóò ní ó ti wà lẹ́nu òun tẹ́lẹ̀. Àlọ́ tí a ti já kì í ṣòro lójú ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí. Ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ ni. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti ọdún 1885 títí di 1892, ilé-iṣẹ́ iná ńlá méjì wà ní kóòtù nítorí fọ́nrán èédú kan tó tín-ín-rín bí irun. Ìbéèrè tó wà ní ọkàn ẹjọ́ náà ni pé: ṣé ohun tí oníṣẹ́ iná yòówù lè ṣe ni fọ́nrán yìí, àbí ohun tó gba ìrònú àrà ọ̀tọ̀? Ẹni tí ìdáhùn bá gbè, òun ni yóò jẹ gàba lórí títa gílóòbù ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí, Lewis Howard Latimer, wà lára àwọn tó bá Thomas Edison kó ẹ̀rí jọ nínú irú àwọn ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Adúláwọ̀ ni. Ọmọ ẹni tó sá kúrò lóko ẹrú ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìsọ pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn kan ní òun ló ṣe gílóòbù àkọ́kọ́ láyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe gan-an yàtọ̀ sí èyí, lójú tèmi, ó sì níyì ju irọ́ tí wọ́n fi ń yìn ín lọ.

ẸJỌ́ BÀBÁ RẸ̀

George Latimer, bàbá Lewis, jẹ́ ẹrú ní ìlú Norfolk ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1842, òun àti ìyàwó rẹ̀, Rebecca, tí ó lóyún nígbà náà, sá lọ sí Boston. Àwọ̀ George pọ́n púpọ̀, nítorí náà ó ṣe bí òyìnbó tó ń rìnrìn àjò, ìyàwó rẹ̀ sì ṣe bí ìránṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gúnlẹ̀ láyọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́. Ẹnì kan tó mọ George ní Norfolk rí i ní Boston, ó sì ránṣẹ́ sílé. Kò pẹ́ tí James Gray, olówó rẹ̀, fi dé, tí wọ́n sì ju George sí àtìmọ́lé.

Ohun tí Gray fẹ́ kí kóòtù sọ ni pé George kì í ṣe ẹni tó ni ara rẹ̀, pé dúkìá òun ni, gẹ́gẹ́ bí àga tàbí ẹṣin. Ariwo ta ní Boston. Frederick Douglass, tí òun náà ti sá kúrò lóko ẹrú, àti William Lloyd Garrison gbé ọ̀rọ̀ náà dé ibi gbogbo. Síbẹ̀, Lemuel Shaw, adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ Massachusetts, kò dá George sílẹ̀, nítorí òfin ìjọba àpapọ̀ wà lẹ́yìn àwọn olówó ẹrú. Nígbẹ̀yìn, àwọn ènìyàn dá 400 dọ́là jọ, wọ́n fi ra òmìnira rẹ̀ lọ́wọ́ Gray. Lẹ́yìn èyí, àwọn tó lé ní 60,000 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, nígbà tó sì di 1843, Massachusetts ṣe òfin pé òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ náà kankan kò gbọdọ̀ bá ẹnikẹ́ni mú ẹrú tó sá mọ́.

Chelsea, nítòsí Boston, ni wọ́n ti bí Lewis ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 1848. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́rin. Nígbà tó fi máa tó bí ọmọ ọdún 10, bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀, ìyá nìkan ló sì kù tó ń gbọ́ bùkátà.

Àkókò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ tí ó kan ìtàn wa. Ní 1858, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé bí ẹrú bá dá ohun tuntun sílẹ̀, kò lè gba páténtì lórí rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ọmọ ìlú. Olówó rẹ̀ náà kò lè gbà á, nítorí pé kì í ṣe òun ló ronú rẹ̀. Èyí ni pé ọpọlọ ẹrú lè bímọ, ṣùgbọ́n lójú òfin ọmọ náà kò ní bàbá. Ní Virginia tí George ti sá wá, òfin kò gbà kí ẹrú jẹ́rìí lòdì sí òyìnbó ní kóòtù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sápò, a óò padà sí i.

ỌMỌ Ọ́FÍÌSÌ

Ogun abẹ́lé ń jà ní Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nígbà tí Lewis di ọmọ ọdún 16. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1864, ó wọ iṣẹ́ ogun ojú omi, ó sì sìn nínú ọkọ̀ ogun Massasoit. Ní oṣù keje ọdún 1865, ogun ti parí, wọ́n sì dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìyìn.

Nígbà tó padà sí Boston, ó rí iṣẹ́ ọmọ ọ́fíìsì lọ́dọ̀ àwọn agbẹjọ́rò páténtì kan tí wọ́n ń pè ní Crosby and Gould. Owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ 3 dọ́là lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbálẹ̀, kí ó jíṣẹ́, kí ó gbé ìwé láti yàrá kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lára ọkùnrin tó ń ya àwòrán ẹ̀rọ. Ó ń wo irinṣẹ́ tí ó ń lò àti bí ó ṣe ń lò ó. Ó ra àlòkù irinṣẹ́ àti ìwé, ó sì ń fi alẹ́ kọ́ ara rẹ̀ nílé. Nígbà tó dá a lójú pé ọwọ́ òun ti gún, ó ní kí ayàwòrán náà jẹ́ kí òun dán an wò. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rín dákẹ́. Ní 1872, Latimer ti di olórí àwọn ayàwòrán níbẹ̀, owó rẹ̀ sì ti di 20 dọ́là lọ́sẹ̀.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ páténtì lè bèèrè pé kí ni àwòrán ń ṣe lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò. Páténtì ni ìwé tí ìjọba fi ń fún ẹni tó dá ohun tuntun sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ pé, fún iye ọdún kan, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ ṣe é tàbí tà á láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ìgbà náà, ọdún 17 ni. Ohun tí onítọ̀hún yóò fi san án ni pé kí ó tú àṣírí ohun náà fún gbogbo ayé nínú ìwé àti àwòrán. Nítorí náà, àwòrán páténtì dà bí òpó ààlà ilẹ̀. Bí ìlà kan bá ṣì, ilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Latimer fúnra rẹ̀ gba páténtì àkọ́kọ́ ní 1874, òun àti Charles Brown, lórí ilé ìyàgbẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin. Ní 1876 ni Alexander Graham Bell gbé iṣẹ́ tẹlifóònù wá, Latimer sì ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ìwé Bell dé ọ́fíìsì páténtì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ìwé Elisha Gray lórí irú ohun kan náà dé ibẹ̀. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ ṣe kéré tó láàrin ẹni tí ayé mọ̀ àti ẹni tí wọ́n gbàgbé.

FỌ́NRÁN ÈÉDÚ

Ní nǹkan bí 1880, Latimer wà ní Bridgeport ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ibẹ̀ ni Hiram Maxim ti rí i, tó sì gbà á sí ilé-iṣẹ́ United States Electric Lighting Company. Ìfigagbága gbóná láàrin ilé-iṣẹ́ yìí àti ti Edison.

Kí ọ̀rọ̀ ẹjọ́ tó ń bọ̀ lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú gílóòbù ayé ijọ́un. Fọ́nrán èédú kan ni, nínú gíláàsì tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Bí iná mànàmáná bá ń gba inú fọ́nrán náà kọjá, yóò gbóná títí yóò fi tàn. Afẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀, nítorí bí ó bá wà, èédú náà yóò jóná dànù lójú ẹsẹ̀.

Ṣíṣe fọ́nrán yìí le. Páálí tàbí nǹkan ewéko ni wọ́n ń gé tín-ín-rín, tí wọ́n á fi sínú àpótí tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, tí wọ́n á sì yan án nínú iná ìléru títí yóò fi di èédú. Bí ó bá ti ń yan, ó ń súnkì. Bí ó bá ti ń súnkì, ó ń lọ́, ó ń tẹ̀, ó sì ń ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló ń ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ohun tí Latimer ṣe ni pé ó fi páálí ṣe àpò pẹlẹbẹ, ó sì ń ki fọ́nrán sínú rẹ̀ kí ó tó gbé e sínú iná. Ohun tí a fi ṣe àpò jọ ohun tí a fi ṣe fọ́nrán, nítorí náà bí ọ̀kan bá ń súnkì, èkejì náà ń súnkì pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí èyí tó ń fa èkejì, fọ́nrán sì ń jáde ní títọ́. Páténtì rẹ̀ jáde ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1882. Kí ó tó dìgbà náà, ní 1881, òun àti Joseph Nichols ti gba páténtì lórí ọ̀nà tí a lè gbà so fọ́nrán èédú mọ́ wáyà inú gílóòbù.

Ilé-iṣẹ́ náà rán an lọ sí New York, Philadelphia àti Montreal láti mójú tó bí wọ́n ṣe ń fa iná. Ní Montreal, èdè Faransé ni àwọn òṣìṣẹ́ ń sọ, Latimer sì kọ́ ọ débi tí ó fi lè júwe iṣẹ́ fún wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n rán an lọ sí London láti dá ilé-iṣẹ́ gílóòbù sílẹ̀. Nígbà tó di 1884, ó kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá àtijọ́, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ Edison.

ẸJỌ́ ỌDÚN MÉJE

Edison gba páténtì lórí gílóòbù rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1880. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 223,898. Ní 1885, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbé United States Electric Lighting Company lọ sí kóòtù, wọ́n ní wọ́n ń jí ohun tí ó jẹ́ tàwọn. Ẹ ò rí i pé ibi tí Latimer ti kọ́ iṣẹ́ fọ́nrán gan-an ni wọ́n pè lẹ́jọ́ yìí.

Òfin tí adájọ́ ní lọ́wọ́ ti wà láti 1851. Ní ọdún náà, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan lórí ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Àwọn kan gba páténtì pé amọ̀ ni àwọn fi ṣe ọwọ́ ìlẹ̀kùn tí àwọn ẹlòmíràn ń fi irin tàbí igi ṣe. Kóòtù ní rárá. Pípààrọ̀ igi sí amọ̀ kò ju ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè ṣe lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti wà nínú òfin wọn pé ohun tuntun nìkan kò tó. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò hàn gbangba sí ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ náà.

Èyí ni àwọn ọ̀tá Edison rọ̀ mọ́. Wọ́n ní gílóòbù onígíláàsì ti wà. Èédú tó ń tàn ti wà. Joseph Swan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é, Sawyer àti Man ní Amẹ́ríkà náà ti ń ṣe é. Fífa afẹ́fẹ́ jáde ti wà. Kí wá ni Edison ṣe? Ó kàn mú ọ̀pá èédú, ó sọ ọ́ di tín-ín-rín ni. Bí káfíńtà bá fá pákó tó nípọn títí ó fi fẹ́lẹ́, ṣé ó ti dá ohun tuntun sílẹ̀ nìyẹn?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, àríyànjiyàn yìí lágbára. Èmi fúnra mi, nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rò pé Edison yóò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí títín-ín-rín yẹn ṣe. Ọ̀pá èédú tó nípọn kò dènà iná púpọ̀, kò ju ohm díẹ̀ lọ. Nítorí náà, iná rẹpẹtẹ ló gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó tàn, iná rẹpẹtẹ sì ń fẹ́ wáyà bàbà gbọ̀ǹgbọ̀ láti ilé-iṣẹ́ dé ilé oníbàárà. Bí a bá fẹ́ fi irú rẹ̀ tan ìlú, owó bàbà nìkan yóò sọ ènìyàn di alágbe. Fọ́nrán Edison, tí ó tín-ín-rín tí ó sì gùn, ń dènà iná tó 100 ohm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná díẹ̀ tí a fi agbára tì ló ń mú un tàn, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sì ti tó. Ohun tó sọ iná mànàmáná di ohun tí mẹ̀kúnnù lè fà sílé nìyẹn.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ó hàn gbangba, kí ló dé tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò fi ṣe é? Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí gbogbo wọn gbà gbọ́ lòdì sí i. Wọ́n gbà pé bí èédú bá ṣe tín-ín-rín tó ni yóò ṣe tètè já tó. Ní 1879, William Preece, ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ iná ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ ní gbangba pé pípín iná mànàmáná káàkiri ilé kéékèèké kò ju àlá lásán lọ. Nígbà tí gbogbo àgbà ọjà ń tọ́ka sí apá ọ̀tún, ẹni tó gba apá òsì tó sì bá omi níbẹ̀, a kò lè sọ pé ọ̀nà omi ti hàn gbangba.

Ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 1891, Adájọ́ William Wallace dá Edison láre. Ó gbà pé fọ́nrán tín-ín-rín, nínú gíláàsì tí wọ́n dí pa pátápátá tí afẹ́fẹ́ kò sì sí nínú rẹ̀, ni ó ya àṣeyọrí sọ́tọ̀ kúrò lára àṣetì. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1892, kóòtù òkè náà ti Edison lẹ́yìn.

IBI TÍ LATIMER DÚRÓ SÍ

Nígbà tó fi máa di 1890, Latimer ti wà ní ẹ̀ka òfin lọ́dọ̀ Edison. Ní ọdún yẹn náà ló tẹ ìwé kan jáde tó ṣàlàyé ètò iná Edison láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ iná. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ka òfin ni kí ó tú ìwé àtijọ́ wò, kí ó mọ ẹni tó ti ṣe kí ni, lọ́dún wo, kí ó ya àwòrán rẹ̀ fún adájọ́, kí ó sì lọ dúró ní kóòtù gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí tó gbọ́ iṣẹ́.

Kí ló fà á tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì? Adájọ́ kì í ṣe oníṣẹ́ iná. Gílóòbù tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ ní 1891 ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Àlọ́ ti já. Bí kò bá rí ẹni tí yóò mú un padà sí ọdún 1879, tí yóò fi ohun tí ọwọ́ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe ní ọdún náà hàn án, yóò rò pé ohun gbogbo ti rọrùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Latimer mọ̀ bí fọ́nrán ṣe ń ṣẹ́ nínú iná, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ló fi kó àjákù rẹ̀. Lójú tèmi, páténtì rẹ̀ ti 1882 jẹ́ ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Bí fọ́nrán tín-ín-rín bá jẹ́ ohun tó rọrùn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò máa ronú àpò páálí sí lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn ìdájọ́ 1892, ohun mìíràn tún ṣẹlẹ̀ tó fi ìwà ọmọ ènìyàn hàn. Ní 1893, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn gbé Heinrich Goebel jáde, ará Jámánì kan tó ti pẹ́ ní New York, wọ́n ní ó ti ṣe irú gílóòbù yìí láti àwọn ọdún 1850. Kóòtù kan ní St. Louis ṣiyèméjì nítorí rẹ̀, kò sì dá ilé-iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ lọ́wọ́ kọ́, ṣùgbọ́n àwọn kóòtù mìíràn kò gba ìtàn náà gbọ́. Bí ọdẹ bá pa erin tán ni ọ̀bẹ ń pọ̀.

Òfin náà sì ń gé ìhà méjèèjì. Sawyer àti Man ti gba páténtì tiwọn pé gbogbo ohun ewéko tí a bá sọ di èédú nínú gílóòbù jẹ́ tiwọn. Ní 1895, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ fagi lé e. Edison ti yẹ ohun ewéko tó lé ní 6,000 wò kí ó tó rí oparun tó dára. Kò bójú mu kí ẹni tí kò mọ èyí tí yóò ṣiṣẹ́ nínú wọn fi ọgbà yí gbogbo igbó ká.

Ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà ńbẹ̀. Páténtì Edison tí wọ́n fi ọdún méje jà fún parí ní oṣù kọkànlá ọdún 1894. Ọdún méjì péré ló fi jẹ adùn ìdájọ́ náà.

OPIN AYÉ RẸ̀

Ní 1896, General Electric àti Westinghouse dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti mójú tó páténtì wọn, Latimer sì ni olórí ayàwòrán níbẹ̀ títí di 1911. Ní àkókò kan náà, ó ń kọ́ àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà ní ìwé àti àwòrán ẹ̀rọ ní New York. Ó ń fun fèrè, ó ń kọ ewì, ó sì tọ́ ọmọbìnrin méjì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Mary. Ní 1918, nígbà tí àwọn tó bá Edison ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Edison Pioneers sílẹ̀, òun nìkan ni adúláwọ̀ láàrin wọn. Ó kú ní Flushing, New York, ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1928, ẹni 80 ọdún. Ilé rẹ̀ ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ní 2006 sì ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára àwọn adáhunsílẹ̀ tí Amẹ́ríkà ń bọlá fún.

Ìbéèrè tí ó lo ayé rẹ̀ lé lórí kò tíì kú. Ní 1952, Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú òfin páténtì pé ohun tó bá hàn gbangba sí oníṣẹ́ kò lè gba páténtì. Ní 1966, ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ là á sílẹ̀ bí adájọ́ yóò ṣe tọ̀ ọ́: kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tó ti wà nílẹ̀, kí ó mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin rẹ̀ àti ohun tuntun náà, kí ó mọ bí òye oníṣẹ́ ìgbà náà ṣe tó, kí ó sì bèèrè bóyá àwọn mìíràn ti gbìyànjú rẹ̀ tì. Ní 2007, wọ́n tún dá ẹjọ́ lórí ẹ̀rọ iná kékeré tí wọ́n so mọ́ àtẹ̀sẹ̀ mọ́tò. Wọ́n ní bí ènìyàn bá kàn so ohun méjì tí ayé ti mọ̀ pọ̀, tí kò sì sí ohun àrà nínú àbájáde rẹ̀, ó hàn gbangba. Òfin páténtì ti Nàìjíríà, tó ti wà láti 1970, náà sọ pé ohun tuntun gbọ́dọ̀ ju ohun tó tẹ̀ lé ohun tó ti wà nílẹ̀ ní gbangba lọ. Ṣùgbọ́n ní ti wa, ọ́fíìsì kì í yẹ èyí wò kí ó tó fúnni níwèé. Ọjọ́ tí ìjà bá dé kóòtù ni wọ́n tó ń bèèrè rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ òfin láàrin wa, ọjọ́ yẹn ni a óò wá Latimer tiwa.

Ẹ jẹ́ ká wá tú ohun tí a fi sápò. Ní 1842, bàbá dúró ní Boston, ohun tí wọ́n ń jà sí ni bóyá òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dúkìá ẹlòmíràn. Ní Virginia tí ó ti wá, wọn kì bá gba ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀. Ní 1858, òfin ní èrò orí ẹrú kò ní oní. Kò tó 40 ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ̀ ni àwọn òyìnbó olówó ń mú lọ sí kóòtù kí ó wá bá wọn sọ ẹni tó ni èrò.

Bí a bá ní òun ló ṣe gílóòbù, a ti gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ fún un, a sì ti gbé èyí tó jẹ́ tirẹ̀ sọnù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó fún oníkálukú ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀, kò fi kún un, kò sì yọ kúrò nínú rẹ̀. Ó yẹ kí àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Nígbà tí a bá sì tún rí ohun kan tó rọrùn, tí ẹnu ń yún wa láti sọ pé àwa náà lè ṣe é, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa pé kí ló dé tí a kò fi ṣe é lánàá. Ire o.